Abẹ́rẹ́ àti oògùn ìsanrajù: bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láì kó bá ara yín

Àwọn tó ń wá béèrè abẹ́rẹ́ ìsanrajù ní ìdí káńtà kẹ́mísì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti gún un rí. Wọ́n á ní àwọn rà á lọ́wọ́ ẹnì kan lórí Instagram, àwọn gún un lẹ́ẹ̀kan péré, èébì ò jẹ́ káwọn sùn mọ́jú, àwọn bá jù ú sílẹ̀. Ẹlòmíì gún un fún oṣù mẹ́ta kò rí nǹkan kan, nígbà tá a máa bi í pé ibo ló ń kó o sí, orí wọ́dúróòbù ni. Ẹlòmíì fọn dáadáa, owó tán, ó dáwọ́ dúró lójijì, gbogbo ẹ̀ tún padà. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ o. Bíbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ àti títọ́jú ẹ̀ ló ń ṣòro fún wa, ìyẹn la sì fẹ́ gbà lẹ́sẹẹsẹ níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó náwó.

Mi ò kọ dóòsì fún ẹnikẹ́ni o, dọ́kítà yín ló ń ṣe ìyẹn. Àwọn nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí níbí, inú ìwé tó ń bá oògùn wá ni wọ́n wà, mo kọ wọ́n kẹ́ ẹ lè tètè mọ̀ tí ẹnì kan bá fẹ́ fún yín ní èyí tó ju agbára yín lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó jọ

Skéèlì kan, ẹyọ kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò, ẹ má wọn tilé lónìí kẹ́ ẹ tún wọn ti kẹ́mísì lọ́la. Tépù àwọn télọ̀. Ìwé kékeré tẹ́ ẹ máa máa kọ kílò yín sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rá kan tẹ́ ẹ máa da gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò sí, gbogbo ẹ̀ ni mo wí o, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti súgà, ti ìfètò sọ́mọ bíbí, àgbo inú ike, tíì tí wọ́n ní ó ń mú ikùn wọlé, ẹ má yọ ìkankan kúrò. Témómítà kékeré fún fírìjì, àti kùlà.

Lẹ́yìn náà, owó. Ẹ béèrè iye tí oògùn oṣù kan jẹ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Tí iye tó jáde bá ju agbára yín lọ, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀, torí oògùn yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò fún oṣù méjì kí wọ́n sì máa lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ṣírò bóyá ó kàn yín

Ẹ gorí skéèlì láàárọ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun, láìwọ bàtà. Ẹ wọn gíga yín ní mítà. Ẹ fi gíga yẹn ṣe ìlọ́po ara ẹ̀, ẹ wá fi èyí tó jáde pín kílò yín. Ká ní màmá kan jẹ́ kílò 98, ó sì ga ní mítà 1.65. 1.65 lọ́nà 1.65 jẹ́ 2.72, tẹ́ ẹ bá fi pín 98 ó máa fún yín ní 36. Iye yẹn ni wọ́n ń pè ní BMI. Láti 30 lọ sókè ni wọ́n ń kà sí ìsanrajù, ẹni tó bá débẹ̀ ni dọ́kítà lè kọ oògùn fún, tàbí ẹni tó wà ní 27 sókè tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ súgà tàbí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù. Ẹ fi tépù yí ikùn yín ká náà: obìnrin tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 88 lọ, ọkùnrin tó bá ju 102 lọ, ewu ọkàn àti ti súgà ti wà níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: ọmọbìnrin tí BMI ẹ̀ jẹ́ 24 tó fẹ́ kí aṣọ ìgbéyàwó wọ òun lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n máa tà á fún un o, kò sẹ́ni tó máa lé owó padà. Ṣùgbọ́n èrè tí oògùn yìí ń ṣe fún ẹni tó wà ní 36, kò sí níbẹ̀ fún òun, ewu ẹ̀ sì wà níbẹ̀ pérépéré.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tún gorí skéèlì lọ́jọ́ kejì ní àkókò kan náà. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá fi ju kílò méjì lọ síra, ẹ wá skéèlì míì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ lọ rí dọ́kítà, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí a ní LAUTECH Teaching Hospital, a ní Bowen Teaching Hospital tí wọ́n ń pè ní ọsibítù Báptíìsì látijọ́. Ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ lè wá síbí, ó sì lè gba UCH n'Íbàdàn lọ. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Àwọn kan á ní kí lo fẹ́ fọn sí, ṣé o ò rí i pé owó ti wọlé ni ara ẹ fi ń dán, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́, orúnkún tó ń ro yín lórí àtẹ̀gùn kì í ṣe tiwọn.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ sọ ọ́ tààrà: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò ó bóyá oògùn ìsanrajù bá ara mi mu." Wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ ṣe tẹ́sìtì súgà, ti kíndìnrín, ti ẹ̀dọ̀, ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àti ti oyún fún obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù. Ẹ dà ọ̀rá oògùn yẹn sórí tábìlì. Bí wọn ò bá tiẹ̀ béèrè, ẹ̀yin ẹ sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí fúnra yín:

- Bí ẹ̀yin tàbí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ti ní jẹjẹrẹ thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, rí. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní medullary, ẹni tó ní i tàbí tí ẹbí ẹ̀ ní i ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan semaglutide, liraglutide tàbí tirzepatide, ìyẹn àwọn abẹ́rẹ́ ìsanrajù bí Ozempic, Saxenda àti Mounjaro. Gẹ̀gẹ̀ lásán yàtọ̀ sí ìyẹn, àmọ́ ẹ sọ ọ́ náà.
- Bí pancreas, ẹ̀yà inú tó ń ṣe insulin, bá ti wú rí, tàbí òkúta wà nínú òróòro.
- Bí ẹ bá lóyún, ẹ̀ ń fọ́mọ lọ́yàn, tàbí ẹ fẹ́ lóyún láìpẹ́. Semaglutide gbọ́dọ̀ ti kúrò lára fún oṣù méjì kẹ́ ẹ tó máa wá oyún.
- Bí ẹ bá ń lo insulin, tàbí àwọn oògùn súgà bíi Daonil àti Amaryl. Abẹ́rẹ́ yìí àti àwọn yẹn lè jọ fa súgà wálẹ̀ jù, dọ́kítà gbọ́dọ̀ dín èyí tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ kù.
- Bí ẹ bá ń lo tramadol, kódà tó bá jẹ́ fún ẹ̀yìn ríro lásán.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìní ìwé oògùn tó ní orúkọ oògùn, ìwọ̀n ẹ̀, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá. Tí ọjọ́ ìpadàbọ̀ ò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹ padà wọlé lọ béèrè.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ èyí tí wọ́n kọ fún yín

Orlistat: kápúsù ni, 120 mg, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá. Kì í jẹ́ kí ara gba gbogbo ọ̀rá inú oúnjẹ, ẹni tó bá wá fi jẹ ẹ̀fọ́ tí epo ń léfòó lórí ẹ̀, epo yẹn máa jáde nídìí, ó lè má dúró dìgbà tó máa dé ilé ìgbẹ́. Tí oúnjẹ ò bá lọ́ràá, ẹ fo kápúsù yẹn. Ẹ máa lo fítámì lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn, torí ó ń kó fítámì A, D, E àti K lọ. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí oògùn thyroid gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Semaglutide, tẹ́ ẹ mọ̀ sí Ozempic àti Wegovy, àti tirzepatide, tẹ́ ẹ mọ̀ sí Mounjaro àti Zepbound: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wọn. Liraglutide, ìyẹn Saxenda, ojoojúmọ́ ni. Wọ́n ń jẹ́ kéèyàn tètè yó, kí oúnjẹ sì pẹ́ nínú. Obìnrin tó ń lo tirzepatide tó sì gbẹ́kẹ̀ lé oògùn oníhóró fún ìfètò sọ́mọ bíbí, ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí dóòsì bá gòkè, torí oògùn oníhóró náà lè má wọlé dáadáa.

Phentermine ò wà fún ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sì ń lò ó, ó lè ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Naltrexone pẹ̀lú bupropion ò wà fún ẹni tó ní wárápá, kò sì bá tramadol mu rárá.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni tíì àti kápúsù "ewé àti egbò nìkan". Wọ́n ti tú irú wọn wò lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n bá sibutramine, oògùn ìsanrajù àtijọ́ kan, nínú ẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n ti kó sibutramine kúrò lọ́jà l'Amẹ́ríkà àti Yúróòpù torí ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ sára páálí fún yín. Tí tíì kan bá ń jẹ́ kí àyà yín máa lù kìkì, tí ẹ ò sì rí oorun sùn, ẹ jù ú nù.

Ìgbésẹ̀ 4: Rírà

Inú ilé ìtajà oògùn tó ní apoògùn òyìnbó nínú ni kẹ́ ẹ ti rà á, tó máa fún yín ní rísíìtì, tó sì máa yọ abẹ́rẹ́ látinú fírìjì lójú yín. Ayédèrú pọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ WHO kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa ayédèrú Ozempic tí wọ́n rí ní Brazil, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, bó bá lè wọ àwọn ibi yẹn kò sóhun tí ò ní jẹ́ kó wọ Tákìé níbí. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ wá orúkọ oògùn náà lórí NAFDAC Greenbook, ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n to àwọn oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí sí. Ẹ wo nọ́ńbà bátìṣì ara páálí àti ti ara péènì (ike bíi bírò tí oògùn abẹ́rẹ́ náà wà nínú ẹ̀), wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Omi inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n dà sínú ìgò kékeré tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi sírínjì fà. Láàárín mg, mL àti yúnìtì, èèyàn máa ń ṣìrò. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà, kìlọ̀ lórí ẹ̀ ní 2024 pé àwọn kan fi ara wọn gún ìlọ́po 5 sí 20, wọ́n bá ara wọn ní ọsibítù. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni pín péènì kan, ì báà jẹ́ àbúrò yín, ì báà jẹ́ pé ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹnu ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti padà wọnú ẹ̀.

Wéébíìlì ńkọ́? Ẹni tó rà á n'Íbàdàn tàbí Èkó, tó fún dírẹ́bà, dírẹ́bà gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù nínú oòrùn títí dé gáréèjì. Òórùn ẹ̀ ò yí padà, àwọ̀ ẹ̀ ò yí padà, àmọ́ agbára ẹ̀ lè ti lọ. Ẹ lọ gbé e fúnra yín pẹ̀lú kùlà, tàbí kẹ́ ẹ má ra á.

Ìgbésẹ̀ 5: Títọ́jú ẹ̀ nílùú tí iná ò ti dúró

Ibí lowó ti ń ṣòfò jù, torí náà ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó ra oògùn rárá. Abẹ́rẹ́ tí wọn ò tíì lò gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n ìgbóná 2 sí 8 (°C) nínú fírìjì. Tí kò bá sí fírìjì, ìwé Wegovy ní ó lè wà níta fún ọjọ́ 28 tí kò bá ti kọjá ìwọ̀n 30, Mounjaro ọjọ́ 21. Ozempic tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò lè tó ọjọ́ 56. Ẹ rí ọ̀rọ̀ 30 yẹn, ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta nílùú wa ń kọjá 30 dáadáa, inú yàrá onípáànù tiẹ̀ tún ju ìta lọ.

Bí mo ṣe ní kí wọ́n máa ṣe é nìyí. Ẹ fi omi kún ìgò ike bíi mẹ́fà, ẹ tò wọ́n sínú fírìjì, tí iná bá lọ, omi tútù yẹn ló máa di òtútù mú. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sí àárín, nínú páálí ẹ̀, kó má fara kan ẹ̀yìn fírìjì níbi tí yìnyín ti ń dì. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n yéé ṣí i. Tí iná bá pẹ́ tí kò dé, ẹ gbé e sínú kùlà, ẹ fi tówẹ́lì wé yìnyín kó má kan abẹ́rẹ́.

Ẹni tí kò ní fírìjì, tó ti ń lo péènì tó lè wà níta, àmù ìyá wa ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ gbé ìkòkò amọ̀ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, lábẹ́ òjìji, ẹ fi àpò tútù wé ara ẹ̀, kẹ́ ẹ máa bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ wá di abẹ́rẹ́ sínú ike tó ní ìdérí kí omi má kàn án. Omi tó ń gbẹ lára ìkòkò ló ń fa ooru jáde. Ní ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣe é dáadáa, tí òjò bá ti ń rọ̀ lójoojúmọ́ kò ní tutù tó bẹ́ẹ̀ torí afẹ́fẹ́ ti lómi nínú. Témómítà ló máa sọ fún yín.

Ohun tó burú ju ooru lọ ni fíríísà. Màmá kan gbé péènì tiẹ̀ wá nínú abọ́ àìsìkiríìmù, òun àti ẹja panla ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Mo nu yìnyín ojú ẹ̀ kúrò, mo dorí péènì kodò, afẹ́fẹ́ róbótó tó wà nínú omi ẹ̀ ò mira rárá. Ó ní ṣé òun lè jẹ́ kó yọ́. Mo ní rárá mà, ẹ dákun. Tó bá yọ́ tán ó máa mọ́ gaara bíi tuntun, ojú ò lè mọ̀ ọ́n, abẹ́rẹ́ tó bá ti dì rí, àkìtàn ló kù. Owó ńlá ni, inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi témómítà sínú fírìjì yẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wò ó ní òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Tó bá ń bọ́ sí abẹ́ 2 tàbí tó ń kọjá 8, ẹ tún un ṣe tàbí kẹ́ ẹ bá kẹ́mísì sọ ọ́ kí wọ́n máa bá yín tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa wá gbà á.

Ìgbésẹ̀ 6: Gígún, àti gígòkè díẹ̀díẹ̀

Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ fọwọ́, ẹ lo abẹ́rẹ́ ẹnu tuntun, tó bá jẹ́ péènì Ozempic tuntun ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé omi ń kán jáde. Ikùn, itan, tàbí apá òkè ni wọ́n ń gún un sí, ẹ jìnnà sí ìdodo díẹ̀, ẹ máa yí ojú ibi tẹ́ ẹ gún padà. Tó bá jẹ́ Ozempic, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí nọ́ńbà á fi di 0, ẹ rọra ka ení dé ẹẹ́fà kẹ́ ẹ tó fà á yọ. Ẹ ju abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ti lò sínú ike líle tó ní ìdérí, tó bá kún ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, ẹ má dà á sórí àkìtàn níbi táwọn ọmọdé ti ń ṣa nǹkan.

Wegovy ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.25 mg fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó lọ sí 0.5, sí 1, sí 1.7, kó tó dé 2.4, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Tirzepatide ń bẹ̀rẹ̀ láti 2.5 mg fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di 5. Dóòsì àkọ́kọ́ yẹn, kí ara lè mọ̀ ọ́n ló wà fún, ẹ má retí kílò rẹpẹtẹ. Ẹni tó sọ fún yín pé ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1 kó lè tètè yá, èébì ló ń tà fún yín.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé Ozempic, tí kò tíì ju ọjọ́ márùn-ún lọ, ẹ gún un. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúró de ọjọ́ yín. Ẹ má gún méjì pọ̀ láéláé. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ ò fi gún un, ẹ pe dọ́kítà kẹ́ ẹ tó padà sí dóòsì ńlá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lópin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ṣé oúnjẹ ń wọlé, ṣé omi ń dúró nínú, ṣé ìgbẹ́ ń jáde? Tí ọ̀kan bá ti jẹ́ rárá, ẹ má gòkè, ẹ lọ rí dọ́kítà.

Ìgbésẹ̀ 7: Jíjẹ, mímu, àti ààwẹ̀

Ẹ dín àmàlà kù sí ìdajì kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ má dúró dìgbà tí ikùn bá kún, torí oúnjẹ ò ní tètè kúrò nínú mọ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹja, ẹyin, wàrà, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà, torí bí ọ̀rá ṣe ń lọ ni ẹran ara náà ń lọ, ẹ sì máa gbé nǹkan tó wúwo díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Oúnjẹ oníepo púpọ̀ ló ń fa èébì jù. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀. Tí ẹ bá ń bì tàbí inú ń ṣí, ẹ mu ORS, kíndìnrín kì í fẹ́ kí omi ara tán. Ẹ má fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tàbí tíì kún un, omi ara yín ni wọ́n ń fà jáde.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá dọ́kítà sọ̀rọ̀ ṣáájú, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn súgà. Tí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, tí ojú ń ṣú, ẹ já ààwẹ̀ yẹn, ẹ jẹ súgà oníhóró bíi mẹ́rin lójú ẹsẹ̀.

Èyí táwọn èèyàn kì í rántí: bí kílò ṣe ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń wálẹ̀, oògùn tẹ́ ẹ ti ń lò látọdún mélòó wá lè wá pọ̀ jù. Tí òòyì bá ń kọ́ yín tẹ́ ẹ bá dìde, ẹ lọ wọn BP, kí dọ́kítà dín in kù.

Ẹ sáré lọ sọ́sibítù, ì báà jẹ́ òru, tí inú bá ń ro yín gan-an tó ń lọ sẹ́yìn tí kò dáwọ́ dúró, tí ẹyinjú bá di yẹ́lò tàbí abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ń ro yín pẹ̀lú ibà, tí ojú kan bá ṣàdédé ṣú, tí kókó bá yọ lọ́rùn tàbí ohùn há tí kò lọ, tí ẹ ò bá lè mu omi mọ́ra fún odindi ọjọ́ kan. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ fún ẹni tó máa kùn yín lóorun pé ẹ ń gún un, torí oúnjẹ lè ṣì wà nínú kódà tẹ́ ẹ bá ti gbààwẹ̀ mọ́jú.

Ìgbésẹ̀ 8: Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀

Ẹ padà sọ́dọ̀ dọ́kítà pẹ̀lú ìwé kílò yín. Tí ẹ bá ti lo dóòsì tó yẹ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ò tíì kúrò lára yín, oògùn yẹn lè má bá yín mu. Màmá wa oníkílò 98, ó yẹ kó ti wá sí nǹkan bíi 93. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí semaglutide 2.4, ní ọ̀sẹ̀ 68, ìdá 15 ni wọ́n pàdánù ní ìpíndọ́gba, pẹ̀lú oúnjẹ tó dínkù àti eré ìmárale. Ti màmá yẹn máa jẹ́ bíi kílò 14 tàbí 15. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí kílò 20 fún yín lóṣù kan, ẹ kúrò níwájú ẹ̀.

Àwọn tó dáwọ́ dúró nínú ìwádìí yẹn gba bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù padà láàárín ọdún kan. Ebi ló ń padà, kì í ṣe ọ̀lẹ. Torí náà ẹ má dáwọ́ dúró torí pé owó tán lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ti sọ fún dọ́kítà lóṣù méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ jọ wò ó bóyá dóòsì kékeré máa tó, bóyá orlistat tí owó ẹ̀ rọjú máa gbà á, àti irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí súgà tẹ́ ẹ máa padà sí. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó gbẹ̀yìn, ẹ máa gorí skéèlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa wọn BP, àwọn tó ní ìtọ̀ súgà kí wọ́n máa gún ìka wò. Kílò tẹ́ ẹ máa dé tẹ́ ẹ máa padà sọ́sibítù, ẹ ti bá dọ́kítà fẹnu kò lé e lórí, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé kékeré yẹn.